Ẹ Má Tíì Na Ọmọ Ọlọ́mọ Nítorí Géémù Tó Ń Kú

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Wọ́n á ní, "Géémù kẹ̀? Ṣé géémù ló wá kù tá a ó máa kà nínú ìwé ìròyìn báyìí?" Ẹ fara balẹ̀. Géémù yìí, owó àjọ ló gbé e dé. Ó fa ẹkún, ó fa ìgbájú, díẹ̀ ló sì kù kó sọ ọmọ ọlọ́mọ di olè lójú gbogbo àdúgbò. Èmi tí mò ń kọ ọ́ yìí, ọwọ́ mi ò mọ́ nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ n ti ìbẹ̀rẹ̀ rò ó fún yín.

BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ìyá kan wà ládùúgbò wa, ata àti tòmátì ló ń tà. Àkọ́bí ẹ̀ ọkùnrin parí ìwé mẹ́wàá bíi tèmi, kò rí yunifásítì lọ, kò sì ríṣẹ́. Nígbà tí àjọ kan màmá yìí, kò fi rán aṣọ, kò fi ra góòlù. Ó gbé owó náà fún ọmọ ẹ̀, wọ́n sì lọ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, irú èyí tó máa ń dúró bí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, pẹ̀lú ojú ẹ̀ àti pádì méjì. Bọ̀dá yìí ṣí ṣọ́ọ̀bù géémù. Géémù bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá níbẹ̀, ₦200 fún ìdíje kan. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, àwọn ọmọ iṣẹ́ fọganáísà, ọmọ iṣẹ́ rìwáyà àti àwọn ọmọ iléèwé á kún orí bẹ́ǹṣì, wọn ò ní í gbọ́ ìpè ìyá wọn.

Gbogbo nǹkan ń lọ geerege títí onílé fi fowó lé owó ilé. Ni wọ́n bá kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù onípákó kan lójú títì, èyí tó fara ti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Kò tó oṣù kan tí wọ́n débẹ̀ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Géémù á dé ibi tó dùn jù, góòlù kan sí kan, ó ku díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè, ṣàdédé ni ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn. Ẹ̀rọ ti kú nìyẹn. Iná wà o. Gílóòbù ń tàn, fáànù ń yí, àmọ́ kọ̀ǹpútà ti dákẹ́. Ariwo á ta. Ẹni tó ń borí á ní òun ti jẹ, ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ á ní kí wọ́n dá owó òun padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti jà níbẹ̀ débi tí wọ́n fi ya aṣọ mọ́ra wọn lọ́rùn. Oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Màmá aláta ń bi ọmọ ẹ̀ léèrè owó àjọ tuntun, ọmọ ń wolẹ̀.

WỌ́N NÍ ỌMỌ IṢẸ́ NI

Bọ̀dá yìí ní ọmọ iṣẹ́ kan, ọmọ ọdún 15. Opó ni ìyá ọmọ náà, télọ̀ ni, ó ń ránṣọ ní ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọmọ yìí ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, òun ló ń tan ẹ̀rọ, òun ló ń gba owó. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá ẹ̀ wọlé bá a tó kúnlẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú sùkúdíráfà lọ́wọ́. Ó parí! "Ìwọ lò ń tú nǹkan inú ẹ̀ tà!" Ló bá gbá a létí. Ọmọ ń ké, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ wo ìdí tó fi ń gbóná ni o." Ta ló máa gbọ́? Wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ pé kó wá mú ọmọ ẹ̀, kó sì wá owó nǹkan tó jí.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo débẹ̀. Wọ́n rò fún mi, mo mi orí, mo ní, "Ọmọ ayé òde òní!" Kì í ṣe ìyẹn nìkan o. Mo yọ jótà mi, mo kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé màá fi kọ ọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń jí nǹkan ọ̀gá wọn. N ò bi ọmọ yẹn ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi ò tíì dàgbà, mo ti ń kọ́ ìkà ṣe.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́ ni ìyá télọ̀ kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ẹ jókòó, mà." Kò jókòó. Ó na ìwé kan sí mi, ìwé ọmọ iléèwé lásán, irú èyí tí wọ́n tẹ táímùsì tébù sí lẹ́yìn. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tó o mọ̀wé, bá mi ka ohun tó wà níbí. Ọmọ mi ní ohun tóun mọ̀ nípa ẹ̀rọ yẹn nìyí. Tó bá jẹ́ olè ló wà níbẹ̀, sọ fún mi. Tí kì í bá ṣe olè, sọ fún wọn."

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÌWÉ NÁÀ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi bù máṣọ. Àtọjọ́ tí ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ kú ni ọmọ yìí ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọjọ́, ó kọ aago, ó kọ bóyá iná NEPA ni tàbí jẹnẹrétọ̀, ó kọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n gbá kó tó kú. Ẹ gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀:

"Túsìdeè, aago 2 ọ̀sán, NEPA, ìṣẹ́jú 18. Túsìdeè, aago 4, jẹ́ẹ̀nì, ìṣẹ́jú 16. Túsìdeè, aago 9 alẹ́, jẹ́ẹ̀nì, ìṣẹ́jú 45. Wẹ́sìdeè, òjò rọ̀ látàárọ̀, kò kú títí a fi palẹ̀ mọ́. Tọ́sìdeè, aago 1, òòrùn mú, káfíńtà ń rẹ́ pákó, ìṣẹ́jú 11."

Báyìí ló kún ojú ewé mẹ́rin. Níbì kan ó kọ "géémù nìkan ló lọ, ẹ̀rọ ò kú." Mi ò kọbi ara sí ìyẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ó rí bó ṣe padà wá bá wa.

Ẹ̀yin náà ẹ bá mi rò ó. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti yọ nǹkan nínú ẹ̀rọ, ṣé olè máa ń dá nǹkan padà lọ́jọ́ tójò bá rọ̀ ni? Nǹkan tó bá ti kúrò, ó ti kúrò tọ̀sán tòru. Tó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló ń pa á, kí ló dé tó tún ń kú lórí NEPA? Ohun kan ṣoṣo ló bá ìwé yẹn mu látòkè délẹ̀: ooru. Ọ̀sán ń pa á, alẹ́ ń dá a sí, òjò ń gbà á là.

Mo fa ojú ewé tí mo kọ sínú jótà mi ya lójú ìyá yẹn.

IKÚ GÉÉMÙ PÉ MÉJÌ

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi dé ṣọ́ọ̀bù náà, màá fún un ní mínírà kan. Mo ní kí ìyá télọ̀ àti ọmọ ẹ̀ náà wá. Bọ̀dá ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ò fẹ́, àmọ́ màmá aláta ní, "Jẹ́ kí wọ́n wò ó. Owó àjọ mi ló wà níbẹ̀, kì í ṣe tìẹ."

Ọ̀rẹ́ mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi wọ́n: "Tó bá kú, ṣé ẹ̀rọ ló ń kú, àbí géémù?" Ọ̀gá ní, "Ṣebí ikú kan náà ni." Ọ̀rẹ́ mi ní rárá o, bọ̀dá, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ẹ gbọ́ àlàyé ẹ̀ dáadáa, torí òun ni ìdí ọ̀rọ̀ tá a ń sọ yìí. Tí gbogbo ẹ̀rọ bá ṣú pátápátá, tàbí tó pa ara ẹ̀ tó tún tan ara ẹ̀, inú àgọ́ ara ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá a sí: ooru, iná tó ń wọlé, tàbí ohun èlò kan tó ń bàjẹ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ géémù nìkan ló pa dé, tẹ́ ẹ bá ara yín lójú ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, ara géémù fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò: fáìlì ẹ̀, ètò tó ń darí káàdì àwòrán tí wọ́n ń pè ní driver, àyè tó kù nínú ẹ̀rọ. Tó bá sì jẹ́ ojú búlúù ló yọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lára, ẹ má tíì pa á. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rí nìyẹn.

Ẹ̀yin mẹ́káníìkì, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dá lójú ọ̀nà àti mọ́tò tí rédíò ẹ̀ dákẹ́, ẹ ò ní í ṣí ibì kan náà wò.

Ọ̀rẹ́ mi wá sọ òfin kejì: nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá yí nǹkan mẹ́rin padà lẹ́ẹ̀kan náà tó wá dáa, ẹ ò ní í mọ èyí tó ṣe é. Tí ọbẹ̀ bá korò, tẹ́ ẹ da iyọ̀, ṣúgà àti omi sí i pa pọ̀, kí lẹ fẹ́ sọ pó wò ó sàn?

A ṢÍ ÀPÓTÍ

Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n yọ wáyà lára iná, wọ́n tú ìdè ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Háà! Lẹ́búlẹ́bú pákó! Bíi gààrí ló rí. Ó dí gbogbo ojú fáànù kékeré tó wà lórí ọpọlọ ẹ̀rọ, ó dí àwọn irin wẹ́wẹ́ tó tò bí eyín ìyarun lábẹ́ fáànù náà. Gbogbo pákó tí káfíńtà ti rẹ́ látọjọ́ tí wọ́n ti kó débẹ̀, ẹ̀rọ yìí ló ń fà á símú.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó bá jẹ́ lẹ́tà lẹ fi ń tẹ̀, kò ṣe wàhálà. Géémù ni iṣẹ́ tó ń mú un làágùn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń gbóná. Irin wẹ́wẹ́ yẹn ló ń fa ooru kúrò lára ẹ̀, fáànù á sì fẹ́ ẹ dànù. Tí ìdọ̀tí bá dí i, ooru ò ríbi gbà. Ọpọlọ náà á kọ́kọ́ dín ìṣe ẹ̀ kù, ẹ ó rí i tí géémù bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń rìn bí ẹni tó jẹ iyán yó. Lára ọ̀pọ̀ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ibi tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sún mọ́ 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn ibi tí omi ti ń hó. Tí ooru bá tún gòkè, ẹ̀rọ á pa ara ẹ̀ kó má baà jóná. Ara ẹ̀ ló ń gbà là, àwa là ń pariwo olè.

Ọ̀gá ti fẹ́ máa nù ún, ọ̀rẹ́ mi ní kó dúró ná. Òfin nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí wọ́n kọ fáànù ńlá onídùúró sí i, kí àwọn ọmọ gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀sán gangan ni o. Wọ́n gbá a fún wákàtí kan, kò kú. Àṣírí tú. Ooru ni.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe wá tọ́jú ẹ̀. Wọ́n pa á, wọ́n yọ wáyà. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbọn ìdọ̀tí náà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn fẹ́ ẹ síta. Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ, wọ́n fi ìka di abẹ́ fáànù mú kó má yí, torí tí atẹ́gùn bá sáré yí i jù, ó lè bà á jẹ́. Kò sí omi níbẹ̀ o, kò sí fífi ẹnu fẹ́, torí itọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ mi yọ irin wẹ́wẹ́ náà kúrò. Lẹ́ẹ̀dì kan bíi gírísì wà láàárín ẹ̀ àti ọpọlọ ẹ̀rọ, òun ló ń jẹ́ kí ooru ráyè kọjá. Èyí tó wà níbẹ̀ ti gbẹ bí amọ̀. Ó nù ún kúrò, ó fi tuntun sí i, kò ju hóró ẹ̀wà kékeré kan lọ.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló fi ohùn líle sọ: àpótí irin tó ń gba iná wọlé láti ara ògiri, ẹnikẹ́ni tí kì í bá ṣe oníṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣí i. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ ti yọ wáyà, iná ṣì lè wà nínú ẹ̀. Iná yẹn lè pa èèyàn.

IKÚ KEJÌ

Wọ́n tan án. Wákàtí kan, wákàtí méjì, ẹ̀rọ ò kú. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, màmá aláta ti ń jó. Ọmọ iṣẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìyá ẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀.

Ṣàdédé, géémù lọ! Ilé dákẹ́. Mo rí ojú tí bọ̀dá yẹn fi wo ọmọ náà, ojú àná ni. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi ní, "Ẹ wò ó dáadáa, bọ̀dá. Ẹ̀rọ ò kú. Géémù ló jáde. Ikú ti yàtọ̀."

Ìgbà náà ni ọmọ yẹn lanu. Ó ní, "Bọ̀dá, mo kọ ìyẹn náà." Ó ṣí ìwé ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, géémù ń gba àtúnṣe tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ni NEPA múná lọ. Àtọjọ́ kejì ẹ̀ ló ti ń kọ "géémù nìkan ló lọ." Ó ti wà níbẹ̀ lálẹ́ tí mo ka ìwé náà, èmi tí wọ́n ní mo mọ̀wé ni mo fò ó.

Ọ̀rẹ́ mi tẹ bọ́tìnnì tó ní àmì fèrèsé mọ́ R, ó kọ perfmon /rel. Ìwé kan yọ lójú ẹ̀rọ, ó to ọjọ́ sílẹ̀ bíi kàlẹ́ńdà, àmì pupa sì wà lábẹ́ gbogbo ọjọ́ tí nǹkan kan ti kú. Àwọn ọjọ́ náà bá ìwé ọmọ yẹn mu. Steam ni wọ́n fi ra géémù náà, ló bá lọ síbi orúkọ géémù, ó tẹ ẹ́ lápá ọ̀tún, ó wọ Properties, ó wọ Installed Files, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Verify integrity of game files. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni pé á ka fáìlì géémù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹní ń ka owó, èyí tó bá bàjẹ́ tàbí tó sọnù, á gba tuntun. Ó rí mẹ́ta tó bàjẹ́, ó pààrọ̀ wọn. Látìgbà náà, kò tún kú mọ́.

TÍ KÒ BÁ TÍÌ SÀN ŃKỌ́?

Mo bi í, ó ka ìyókù fún mi, èmi náà kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ẹ wo ìwé géémù náà, iye agbára tó ní òun ń fẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí agbára ẹ̀ ò tó, ẹ dín ẹwà àwòrán kù nínú ètò géémù. Ẹ gba driver tuntun láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ṣe káàdì àwòrán gan-an, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ń pín in. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, kó má kún dẹ́nu. Tí ẹnì kan bá ti ti ẹ̀rọ náà kọjá ìwọ̀n eré tí wọ́n ṣe é fún, ẹ dá a padà síwọ̀n ẹ̀. Géémù jíjí tí wọ́n fọ́ àgádágodo ẹ̀ ń kọ́? Ẹ má bi mí nídìí tó fi ń kú. Ọwọ́ tó fọ́ ọ, ẹ ò mọ ohun tó tún kì bọ inú ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé tòkunbọ̀ nìkan ló ń rí i. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2020, iléeṣẹ́ CD Projekt Red ti ilẹ̀ Poland gbé géémù Cyberpunk 2077 jáde, èyí tí aráyé ti ń retí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń kú léraléra lórí PlayStation 4. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, Sony gbé e kúrò lórí àtẹ ẹ̀, ó ní òun á dá owó padà fẹ́ni tó bá fẹ́. Oṣù Kẹfà ọdún 2021 ló tó padà síbẹ̀.

Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù nìyí. Lọ́dún 2024, iléeṣẹ́ Intel gbà ní gbangba pé iná tó pọ̀ jù ń wọ àwọn kan nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ìran 13 àti ìran 14 tóun ṣe, ó sì ń ba wọ́n jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Géémù ló ń kú lórí wọn. Àmọ́ ohun tí ẹ̀rọ àwọn kan ń kọ sójú ni pé àyè inú káàdì àwòrán ti tán. Ẹ ò rí nǹkan! Ọpọlọ ló ń ṣàìsàn, káàdì ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́. Intel fi ọdún méjì kún ìdánilójú tó ṣe fáwọn tó rà á, ó sì gbé àtúnṣe jáde nínú oṣù Kẹjọ ọdún náà, àmọ́ èyí tó ti bàjẹ́ kò ṣe é wò sàn mọ́, pípààrọ̀ ló kù. Tí iléeṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè rí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n gbé ka orí aláìṣẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ọmọ ọdún 15 lẹ rò pé kò ní í rí i?

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE PARÍ

Màmá aláta kò jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ méjì. Ó ní kó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá télọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n sílẹ̀. Ìyá télọ̀ ní, "Dìde. Mo ti gbọ́. Àmọ́ ìgbájú yẹn, ojú gbogbo ayé lo ti gbá a, ẹ̀bẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ò lè mú un kúrò." Lóòótọ́, bọ̀dá yẹn jáde síta, ó sọ ọ́ fún káfíńtà, fún fọganáísà, fáwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, pé ọmọ náà ò jí nǹkan kan. Mo yìn ín fún ìyẹn.

Ọmọ náà ò padà síbẹ̀ o. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló ti ń kọ́ṣẹ́ báyìí. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ò gba owó ìwọṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti gbé ìwé dání wá. Ṣọ́ọ̀bù géémù ń lọ dáadáa, wọ́n ti ta aṣọ sí ààlà àwọn àti káfíńtà, wọ́n sì ń gbọn ẹ̀rọ lóṣooṣù. Èmi náà ti lọ bẹ ọmọ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ kàn máa béèrè ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìgbájú lọ. Abéèrè kì í ṣìnà, èmi tíṣẹ́ mi jẹ́ ìbéèrè ni mi ò béèrè.

LẸ́TÀ YÍN

Ìyá ẹlẹ́ja kan lọ́jà Ojúwoyè, Mushin, ní ọmọ òun fẹ́ gbowó RAM tuntun torí géémù ẹ̀ ń jáde fúnra ẹ̀. Mà, ẹ má tíì fún un. Ẹ ní kó kọ Windows Memory Diagnostic síbi ìwákiri ẹ̀rọ náà, kó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ á yẹ RAM ara ẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá rí àṣìṣe, ẹ lè wá sọ̀rọ̀ owó.

Wẹ́dà kan l'Abẹ́òkúta ní fóònù ni ọmọ òun fi ń ṣe géémù, ó ń gbóná, géémù sì ń pa dé. Ẹ sọ fún un kó yé gbá a nígbà tí fóònù bá wà lórí iná. Kó pa fọ́tò àti fídíò tí kò wúlò rẹ́, kó gba àtúnṣe géémù náà. Tó bá fẹ́ yọ ọ́ kó tún un gbé sí i, kó kọ́kọ́ rí i pé ibi tó bá a dé ti wà ní ìpamọ́ lórúkọ ẹ̀, kó má lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Onídìrí kan l'Óṣogbo ní ìgbàkígbà tóun bá tan dráyà òun, kọ̀ǹpútà géémù àwọn ọmọ á kú. Àńtí, tiyín ò le rárá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan náà lẹ fi ń gbé méjèèjì. Dráyà ń fa iná púpọ̀, bó bá ti gba tiẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù ò tó kọ̀ǹpútà mọ́. Ẹ má tan wọ́n pa pọ̀, tàbí kẹ́ ẹ wá UPS fún kọ̀ǹpútà.

Ẹ máa kọ̀wé sí wa. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, aago tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tó ń lọ láyìíká nígbà tó ṣẹlẹ̀, bí ọmọ yẹn ṣe kọ tiẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.